Kúkì àti Ẹní Ìkírun Ìyá Àgbà

Munirah tún wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, àkísà lọ́wọ́, yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé lọ́rùn. Ìtọ̀ ajá ti ṣàn láti orí rọ́ọ̀gì kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà dé abẹ́ àga, ó sì ti wọnú bàtà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mọ́mì dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń gbọn bàtà náà, kò tilẹ̀ ráyè bínú. Iṣẹ́ òòjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lábẹ́ tábìlì, Kúkì gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n. Ajá kékeré ni, funfun, onírun bí òwú, kò tóbi ju ológbò lọ. Bí ẹ bá rí ojú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ó búra pé kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ìyá Àgbà yọjú láti yàrá rẹ̀, ó bèèrè bóyá Munirah mú ajá jáde nígbà tó jí. Munirah ní òun mú un jáde. Òótọ́ sì ni. Ó mú un dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró tì í títí ẹ̀fọn fi jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ dáadáa. Kúkì gbóòórùn yanrìn, ó gbóòórùn ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbójú sókè wo Munirah, kò tọ̀. Wọ́n wọlé tán, kó tó pẹ́ tó ìgbà téèyàn máa fi mumi, ó ti sáré lọ sórí rọ́ọ̀gì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ilé yìí, Kúkì ló ń da tiẹ̀, àwọn onílé ló ń tẹ̀ ẹ́.

Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú ni ilé náà wà. Ọkọ Ìyá Àgbà ló kọ́ ọ kó tó kú. Orúkọ Ìyá Àgbà gan-an ni Alhaja Ṣùkúrátù, òun ló sì bí bàbá Munirah, tí Ọlọ́run ti pè látìgbà tí Munirah wà ní jẹ́léósinmi. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló kù tí wọ́n jọ ń gbé: Ìyá Àgbà, Lateefah, ìyá Munirah, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Odógunyàn, àti Munirah fúnra rẹ̀, tí ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama ti dé sí lọ́rùn. Mujeeb, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í gbélé. Awakọ̀ ni.

Mujeeb yìí náà ló gbé ajá wọlé. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ fún ní Erékùṣù Èkó kó lọ sí Kánádà, wọ́n fi Kúkì sílẹ̀ fún un bí ẹni fi sálúbàtà tó ti gbó sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló rí iṣẹ́ mìíràn ní Àbújá. Ó gbé ajá wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Èbúté, ó gbé e dé ilé nínú àpò, orí ajá nìkan ló yọ síta. Ìwàǹwára ni gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Munirah bá òun mójú tó o, pé òun kò ní ẹlòmíràn tí òun lè fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Munirah lára. Nínú ilé tí wọ́n ti máa ń rán an níṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó tíì sọ irú rẹ̀ fún un rí.

Ìyá Àgbà kò fẹ́. Ó ní málàíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Ṣùgbọ́n Mujeeb ni àkọ́bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ohun tí Mujeeb bá bẹ̀bẹ̀ fún, ó máa ń ṣòro fún un láti kọ̀. Ó gbà, ó sì sọ tirẹ̀: ajá kò gbọdọ̀ dé yàrá òun, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ẹní ìkírun òun. Ẹní náà, Mẹ́kà ló ti rà á, pupa rẹ̀ dúdú bí epo, ó nípọn. Ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀ ló máa ń tẹ́ ẹ sí, nítorí àga kan wà níbẹ̀ tó máa ń fọwọ́ tì bó bá fẹ́ dìde. Eékún rẹ̀ kì í ṣe eékún àná mọ́. Iṣẹ́ Munirah ni láti ká ẹní náà bó bá ti kírun tán, kó gbé e sókè.

Kí ni wọn ò ṣe tán fún ajá yìí? Aládùúgbò kan ní kí wọ́n máa ti imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀; wọ́n tì í. Òmíràn ní kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà án. Munirah nà án, ó sì lọ sunkún ní ilé ìdáná lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wọ́n ata gbígbẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ló sín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Orí aṣọ ni ajá fẹ́ràn jù. Rọ́ọ̀gì, tówẹ́ẹ̀lì, ìró Mọ́mì tó já bọ́ láti orí okùn, àní síkẹ́ẹ̀tì Munirah. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lọ súà níwájú rẹ̀, kò ní tọ̀ sí i. Mọ́mì ní ìkà ni, ó mọ ohun tó dára, ó ń ṣà á bà jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàtà tutù yìí, Mọ́mì wọ bàtà náà bẹ́ẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Munirah, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọjọ́ tí ìtọ̀ ẹ̀ bá kan ẹní Màmá, ọjọ́ náà ni Láwàl máa wá gbé e lọ sí Ejinrin."

Láwàl jẹ́ ẹbí Ìyá Àgbà. Apẹja ni, ó sì ní àwọn ajá ńláńlá tó ń ṣọ́ ibi tó ti ń yan ẹja. Munirah ti dé ibẹ̀ rí. Ó ti rí bí àwọn ajá náà ṣe ń já ara wọn jẹ nítorí egungun. Ó wo Kúkì lábẹ́ tábìlì, ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ láyé lọ́hùn-ún.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ omi àdúgbò sì bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà gan-an, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn. Kí Munirah tó lọ sílé-ìwé, yóò ti ru omi láti òpópónà kejì. Bó bá dé, yóò tún ru òmíràn. Ó ń kàwé, ó ń tòògbé, ó ń nu ìtọ̀. Nígbà mìíràn, kì í mọ èyí tó ń ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣe ìdánwò Físíìsì, ó bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ lọ kí ẹnì kan tára rẹ̀ kò yá. Ó ní òun ti kírun ọ̀sán, kí Munirah bá òun ká ẹní. Munirah ní, "Ó dáa, Ìyá Àgbà." Ó jókòó sórí àga pé kí òun kọ́kọ́ mí. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó lajú, Kúkì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹní ìkírun. Kò sá, kò fara pamọ́. Ó wá sọ́dọ̀ Munirah, ó ń ju ìrù. Àárín ẹní, ibi tí Ìyá Àgbà máa ń forí kàn gan-an, ti tutù rinrin.

Munirah sáré dé ìdí àgbá. Omi tó kù níbẹ̀ kò kún ife. Ó gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà níta, ó ń kí àwọn ará iwájú ilé. Ó ṣì lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ni: Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo sùn lọ, ajá ti tọ̀ sórí ẹní yín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, Ejinrin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa àkísà, ó fi tẹ ibi tó tutù náà títí kò fi hàn sójú mọ́. Ó sáré mú lọ́fíńdà Mọ́mì, ó fọ́n ọn sí i. Aṣọ pupa tó dúdú kì í tètè fi omi hàn. Ó ká ẹní náà, ó gbé e sórí àga.

Ìyá Àgbà wọlé, ó bèèrè bí ajá ṣe ṣe sí.

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá Àgbà."

Ìyá àgbàlagbà náà gbà á gbọ́, kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́? Ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní, ó kírun Àlàásárì. Nígbà tó forí kanlẹ̀, Munirah kọjú sí ògiri. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun máa fọ ẹní náà láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, omi kò sí. Ọjọ́ tí omi wà, Ìyá Àgbà kò kúrò nílé. Kúkì tún tọ̀ sórí ẹní náà kí Munirah tó ká a, nítorí ibi tí ajá bá ti gbóòórùn ìtọ̀ ara rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò tún padà sí. Munirah tún nù ún, ó tún fọ́n lọ́fíńdà. Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń gbọn èèyàn lára. Nígbà tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ò ní mọ̀ pé irọ́ ni mọ́. Á dà bí iṣẹ́ ilé.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹni tó máa ń wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ wá ń wẹ̀ kí ó tó kírun kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀wọ́n omi. Ó ń fọ ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń retí rẹ̀ ní àsàlátù àwọn obìnrin, kò lọ. Mọ́mì bi í bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Ojú rẹ̀ fà wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. Munirah rò pé ibà ni, ó sì yára gbàgbé, nítorí ìwé tó kù láti kà pọ̀.

Ọjọ́ tí Munirah ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, ó dé ilé pẹ̀lú ayọ̀ díẹ̀ lọ́kàn, èyí tó ti pẹ́ tó ti ní irú rẹ̀. Ó bá Ìyá Àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí, ọpọ́n ńlá wà níwájú rẹ̀, ó ń fọ ìró. Ó rọra ń fọ̀ ọ́, ó ń sinmi, ó tún ń fọ̀ ọ́. Munirah sáré bá a, ó fẹ́ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," Ìyá Àgbà wí. "Ìtọ̀ mi ni. N kì í ṣe ẹni tí ọmọ-ọmọ máa wá fọ ìtọ̀ fún."

Munirah kò lóye. Ìyá Àgbà kò wo ojú rẹ̀. Inú ọpọ́n ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ara ti ń dà mí, Munirah. N kì í mọ ìgbà tó ń jáde. Bí mo bá ti forí kanlẹ̀, òórùn ẹ̀ á máa bọ̀ sí mi nímú. Mo ti dín omi mímu kù, kò dáwọ́ dúró. Mo ti ránṣẹ́ sí Alhaja Fàlílátù, olórí àsàlátù wa, pé kó má retí mi mọ́. Báwo ni mo ṣe máa jókòó láàárín àwọn èèyàn? Má sọ fún ìyá ẹ. Bó bá tó àkókò, mo máa ní kó bá mi ra pámpáàsì."

Àánú ṣe Munirah, ìtìjú bá a, ẹ̀rù sì ń bà á, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dákẹ́, Kúkì kò ní lọ sí ibì kankan. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ti gba ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà, ó ti gbé e wọ̀ bí aṣọ. Ajá náà wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wa yanrìn, inú rẹ̀ ń dùn. Munirah wo ajá, ó wo ọwọ́ Ìyá Àgbà tó ti hunjọ nínú omi ọṣẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Àgbà, kì í ṣe tiyín. Ti Kúkì ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: oorun tó sùn, àkísà, lọ́fíńdà, àti iye ìgbà tó tún un ṣe tí kò lè kà mọ́. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró nínú omi. Kò pariwo. Ì bá dára fún Munirah bó bá pariwo, kódà kó gbá a létí. Ńṣe ló yọ ọwọ́ kúrò nínú omi, ó ní:

"Bu omi fún mi."

Munirah bu omi wá. Ó mu ún tán, ó na ife sí i. Munirah tún bu òmíràn, ó tún mu ún tán. Òùngbẹ ti gbẹ obìnrin náà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Munirah ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé omi mì, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un. Ó bínú débi pé kò bọ́ bàtà. Ó pe Láwàl lórí fóònù pé kó máa bọ̀ wá gbé ajá. Ó wá pe Mujeeb láti sọ fún un pé ajá rẹ̀ ń lọ, ó sì jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ohùn Mujeeb. Ó ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Kúkì sí i létí, láti orí rọ́ọ̀gì dé orí ẹní Mẹ́kà. Mujeeb bá bèèrè ọ̀rọ̀:

"Mọ́mì, ṣé ẹ ò tẹ́ aṣọ tiẹ̀ fún un ni? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn ọ̀gá mi tó kó lọ ń gbé, ajá náà kì í sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ ni wọ́n máa ń tẹ́ sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Orí aṣọ tí wọ́n bá tẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ kó máa tọ̀ sí. Tó bá tọ̀ síbòmíràn, wọ́n á nà án." Ó wá fi kún un: "Mo rò pé mo sọ fún yín."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwàǹwára Àbújá kò jẹ́. Mọ́mì fìdí lé àga. Munirah rántí ìgbálẹ̀. Rọ́ọ̀gì, tówẹ́ẹ̀lì, ìró, ẹní: nínú ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, tẹ́ẹ bá jẹ́ ajá náà, kí lẹ máa rò? Ó ti ń wá bí òun ṣe máa ṣe dáadáa, wọ́n sì ń nà án fún un.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lateefah, pe Láwàl padà. Ní kó jókòó jẹ́ẹ́." Ó yíjú sí Munirah. "Ohun tí wọ́n kọ́ ajá ló ń ṣe. Ìwọ ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ ní tìrẹ?"

Munirah kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Wọn kò lé ajá, ṣùgbọ́n ìyà Munirah kò kéré. Ìyá Àgbà ní kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí àsàlátù ọjọ́ Àìkú, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Alhaja Fàlílátù àti gbogbo obìnrin ibẹ̀ ìdí tí òun kò fi wá. Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó sọ ọ́ láìfi ohun kan pamọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan pòṣé, Alhaja Fàlílátù ní kó dìde, ó sì gbàdúrà fún un. Munirah fi omi tó rù lórí fọ ẹní náà títí apá fi ń ro ó. Àfáà ní kí Ìyá Àgbà fọkàn balẹ̀ lórí àwọn ìrun tó ti kí, pé Ọlọ́run kì í bi èèyàn léèrè ohun tí kò mọ̀.

Ní ti Kúkì, wọ́n tẹ́ ògbólógbòó ìró sórí yanrìn ẹ̀yìnkùlé. Bó bá jẹun tán, Munirah á gbé e lọ síbẹ̀. Bó bá jí, á gbé e lọ síbẹ̀. Bó bá tọ̀ sórí rẹ̀, á fún un ní orí ẹja díẹ̀. Nígbà tó mọ ibẹ̀ dáadáa, Munirah ń gé aṣọ náà kù díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku bí áńkáṣíìfù, títí tó fi ku yanrìn nìkan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ó yá. Ajá náà ṣi ẹsẹ̀ gbé lọ́pọ̀ ìgbà, Munirah sì nu ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Lónìí, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Kúkì máa ń lọ dúró sí, á máa ha ilẹ̀kùn.

Ìyá Àgbà ti padà sí àsàlátù. Ó ń mu omi rẹ̀, ó ń bá Munirah ṣe àwàdà bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọjú sí kíbúlà, á kọ́kọ́ gbé etí ìró rẹ̀ sókè, á gbóòórùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́. Munirah ló mọ̀, nítorí òun ló máa ń dúró tì í láti tẹ́ ẹní. Ajá ti gbàgbé tirẹ̀, Ìyá Àgbà kò tíì gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Ìtọ̀ ajá, omi àti ọṣẹ á mú un kúrò. Irọ́ tí ẹ bá fi bò ó, orí ẹlòmíràn ló máa já lé, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ó lè rẹ̀ yín, ẹ̀rù sì lè bà yín. Ẹ ṣáà yára sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ìtọ̀ lásán.